ÀWỌN TÍ FIRIÁÓNÀ KÒ KÀ SÍ: Ẹ̀kọ́ láti ara àwọn obìnrin inú ìtàn Ànábì Mùsá

 

 Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, ìtàn tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ilé-kéú ni a fẹ́ padà sí, ìtàn Ànábì Mùsá (A.S.). Kò sí Ànábì tí Àlùkùránì dárúkọ rẹ̀ tó o. Ó ju ìgbà 130 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ọ̀pá tí ó di ejò àti òkun tí ó là sí méjì ni a máa ń sáré dé. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ibẹ̀, àwọn oníwàásù náà sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ohùn máa ń ròkè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣí Suratul-Qasas, láti áyà 7 títí dé áyà 28, kí Mùsá tó gbọ́ ohùn Ọlọ́hun lẹ́bàá òkè, ẹ ó rí i pé àwọn obìnrin ló kún inú ìtàn náà. Márùn-ún ni wọ́n: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyàwó Firiáónà, àti àwọn ọmọbìnrin méjì ní Mádíyánì.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo Firiáónà fúnra rẹ̀. Áyà 4 nínú súrà náà sọ irú ìjọba tí ó ń ṣe fún wa: ó pín àwọn ará ìlú sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì di ẹni ìnilára, àwọn ọmọkùnrin wọn ni ó ń pa, ó sì ń dá àwọn obìnrin sí. Kì í ṣe àánú ni ó mú kí ó dá obìnrin sí o. Àwọn onítafsiri ṣàlàyé pé iṣẹ́ ẹrú ni ó fi wọ́n sílẹ̀ fún. Ọmọkùnrin ni ó ń bà á lẹ́rù, torí ọmọkùnrin lè dàgbà kí ó gba ìjọba. Obìnrin kò sí nínú ìṣírò rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè máa wo ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rí ọmọdébìnrin tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì kọjá lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò kà sí yìí gan-an ni Ọlọ́hun gbà yọ sí i. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ bí a ṣe ń tẹ̀síwájú nìyẹn, torí pé Firiáónà nìkan kọ́ ni ó máa ń ṣe irú ìṣírò bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ TÍ A NÍ KÍ Ó GBÉ ỌMỌ SÓDÒ

Áyà 7 kò gùn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá máa ń tọ́ka sí i pé àṣẹ méjì, ìkìlọ̀ méjì àti ìlérí méjì ni ó wà nínú rẹ̀. A ní kí ìyá náà fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, kí ó gbé e sódò. A ní kí ó má bẹ̀rù, kí ó má sì banújẹ́. A wá ṣe ìlérí fún un pé ọmọ náà yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì di Òjíṣẹ́.

Ẹ fi ọkàn rò ó wò. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọn yóò pa ọmọ òun, odò ni a ní kí ó gbé ọmọ ọ̀hún sí. Bí ìyá kan ní àdúgbò wa bá sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn òun, a ó sáré gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ibi tí ó léwu jù lójú ènìyàn ni Ọlọ́hun fi ìgbàlà sí, nígbà tí inú ilé, lábẹ́ òrùlé ìyá, jẹ́ ibi tí ikú ń bọ̀ wá bá a.

Suratu Taha (20:39) sọ pé inú àpótí ni ó gbé e sí. Ìwé Ẹ́kísódù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Júù àti àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì fi kún un pé oṣù mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ fi gbé ọmọ náà pamọ́, pé ó sì fi ọ̀dà rẹ́ ohun tí ó gbé e sí kí omi má baà wọ̀ ọ́. Àlùkùránì kò sọ èyí. Ànábì (S.A.W.) sì ti kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, pé ohun tí àwọn Oní-Tírà bá sọ tí kò sí lọ́dọ̀ wa, kí á má gbà á ní òótọ́, kí á má sì pè é ní irọ́. Ẹ jẹ́ kí á di èyí mú, torí yóò wúlò fún wa níwájú.

Ohun tí ó dá wa lójú ni áyà 10. Ọkàn ìyá náà ṣófo. Ó kù díẹ̀ kí ó la ẹnu kí ó sì tú àṣírí ara rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun di ọkàn rẹ̀ mú. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tí Ọlọ́hun fi ìlérí sí lọ́kàn, tí a sì ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń padà bọ̀, ni ọkàn rẹ̀ ṣófo báyìí! Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá pàdánù òbí rẹ̀, tàbí tí ó ti jókòó sílé láti ọdún mẹ́ta tí iṣẹ́ kò sí, tí ọkàn rẹ̀ sì dàrú, kò yẹ kí á bá a wí pé ìmánì rẹ̀ ni kò lágbára. A kò rí i kí Àlùkùránì bá ìyá Mùsá wí fún ọkàn tí ó ṣófo. A fi ọkàn rẹ̀ lélẹ̀ ni, kí ó lè wà nínú àwọn onígbàgbọ́.

Kí ni ó wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kí ó máa tẹ̀ lé àpótí náà lọ. Ìlérí ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ó rán ẹni. Àwọn kan nínú wa rò pé bí a bá ti gbára lé Ọlọ́hun, a kò ní ohun tí a ó ṣe mọ́ ju kí á máa wojú sánmà. Ìyá yìí gbára lé Ọlọ́hun, ó sì tún wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ fún un.

ỌMỌBÌNRIN TÍ Ó Ń WÒ LÁTI Ẹ̀GBẸ́ KAN

A kò mọ ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n Mùsá yìí, Àlùkùránì kò sì dárúkọ rẹ̀. Míríámù ni àwọn Oní-Tírà ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn yìí, òun ni ọ̀dọ́ tí ó jọ yín jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á dúró tì í díẹ̀.

Iṣẹ́ tí a rán an kò rọrùn. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń lọ lórí omi yẹn, àwọn tí ń pa ọmọ sì wà káàkiri. Bí ó bá sáré jù, wọn yóò fura. Bí ó bá lọ́ra jù, àpótí yóò bọ́ mọ́ ọn lójú. Áyà 11 sọ pé ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kò sì mọ̀. Ìyẹn ni pé ó mọ bí a ṣe ń mú ojú kúrò kí á sì tún máa rí nǹkan.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ dé ààfin, tí kò gba ọmú obìnrin kankan. Ìdààmú bá àwọn ará ààfin. Ibí yìí ni ọmọbìnrin náà ti sún mọ́ wọn. Ẹ wo bí ó ṣe sọ̀rọ̀: kò ní ìyá ọmọ yìí wà nílé, kò sì purọ́. Ó kàn béèrè bóyá kí òun júwe ilé kan fún wọn, tí wọn yóò bá wọn tọ́jú ọmọ náà dáradára. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀! Ilé kan wà lóòótọ́, wọn yóò tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ni ó fi sínú. Báyìí ni ìyá Mùsá ṣe gba ọmọ rẹ̀ padà sí àyà rẹ̀, ní ojú gbangba, pẹ̀lú àṣẹ ọba tí ó fẹ́ pa á. Ẹ́kísódù tilẹ̀ sọ pé wọ́n tún ń san owó iṣẹ́ fún un lórí ọmọ rẹ̀ tìkára rẹ̀.

Ọgbọ́n ẹnu bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé tí a wà yìí, tí a máa ń gbé gbogbo ohun tí ó wà nínú wa sórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, àárín tọkọtaya, gbogbo rẹ̀ ni à ń sọ fún ẹni tí a kò rí rí. Ọmọbìnrin yìí gbé àṣírí ìdílé rẹ̀ dé iwájú ààfin, ó sì tún gbé e padà wálé láìdà á nù.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ìyá rẹ̀ rán an. Ó mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ òbí lónìí kò lè rán ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún kí ó lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, torí pé láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan. Wọn yóò wá máa retí pé kí ó gbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá so yìgì rẹ̀.

INÚ ÀÀFIN

Obìnrin kẹta ni ìyàwó Firiáónà. Orúkọ rẹ̀, Asiyah, inú hádíìsì ni a ti rí i. Òun ni ó rí ọmọ náà tí ó sọ pé ìtutù ojú ni yóò jẹ́ fún àwọn, pé kí wọ́n má pa á. Ẹ́kísódù sọ pé ọmọbìnrin Firiáónà ni ó gbà á; Àlùkùránì sọ pé ìyàwó rẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀ báyìí, ti Àlùkùránì ni a dì mú. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà lábẹ́ òrùlé bàbá kan, ẹ lè sọ ìyàtọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín láìgbé ohùn sókè. Suratul-Ankabut (29:46) pa á láṣẹ pé bí a bá fẹ́ bá àwọn Oní-Tírà jiyàn, ọ̀nà tí ó dára jù ni kí á gbà. Ohun mìíràn wà nínú Ẹ́kísódù orí kìíní tí Àlùkùránì kò mẹ́nu bà, ìyẹn ìtàn àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, tí ọba ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin lọ́wọ́ ìbí, tí wọ́n sì kọ̀ torí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. A kò sọ pé òótọ́ ni, a kò sọ pé irọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní ti Asiyah, Suratut-Tahrim (66:10-12) gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà tí ó yẹ kí ó dá àwa ọkùnrin dúró. Àpẹẹrẹ tí Ọlọ́hun fi lélẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ó gbàgbọ́, tí kì í ṣe fún obìnrin nìkan, obìnrin méjì ni: ìyàwó Firiáónà àti Maryam ọmọ Imran. Imọ́ọ̀mù tí ó wà níwájú àwọn èèyàn, ọ̀dọ́kùnrin tí ó ti há Àlùkùránì sórí, obìnrin ni a ní kí wọ́n máa wò. Ṣáájú wọn ni a ti mẹ́nu ba ìyàwó Ànábì Nuhu àti ìyàwó Ànábì Lutu, tí ilé Ànábì tí wọ́n ń gbé kò gbà wọ́n là. Ilé olódodo kò gba àwọn yẹn, ilé aláìgbàgbọ́ kò sì ba ti Asiyah jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fo kọjá níbí. Àwọn kan máa ń fi Asiyah wàásù fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù. Wọn á ní Asiyah fara da Firiáónà, kí ìwọ náà fara dà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún áyà 11 kà. Àdúà tí obìnrin náà ṣe níbẹ̀ ni pé kí Ọlọ́hun kọ́ ilé kan fún òun lọ́dọ̀ Rẹ̀ nínú Àlùjánnà, kí Ó sì gba òun lọ́wọ́ Firiáónà àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbàlà ni ó ń tọrọ! Ẹni tí ó bá fi ìdajì áyà yẹn sílẹ̀ kò wàásù Àlùkùránì. Nígbà ayé Ànábì wa (S.A.W.), ìyàwó Thabit ọmọ Qays wá bá a pé òun kò lè bá ọkọ òun gbé mọ́, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ fi ẹ̀sùn kan ìwà ọkọ náà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ànábì kò lé e padà sílé. Ó béèrè bóyá yóò dá ọgbà tí ọkọ fi fẹ́ ẹ padà, nígbà tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí ọkọ gba ọgbà rẹ̀ kí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Inú Bukhari ni ó wà. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a kò lù, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ojú rẹ̀ wú?

LẸ́BÀÁ KÀNGA MÁDÍYÁNÌ

Mùsá dàgbà nínú ààfin. Ó dá sí ìjà ènìyàn méjì, ó lu ọ̀kan, onítọ̀hún kú, kò sì fẹ́ kí ó kú. Ọkùnrin kan sáré wá láti ìpẹ̀kun ìlú láti sọ fún un pé àwọn ìjòyè ń gbìmọ̀ láti pa á. Ó sá jáde ní Íjíbítì, ó gba aṣálẹ̀ kọjá, títí ó fi dé Mádíyánì, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí Saudi Arabia wà lónìí. Kò ní ilé, kò ní iṣẹ́, kò ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ bí ó ṣe máa ń rí láti dé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín.

Lẹ́bàá omi, ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń fún ẹran wọn lómi. Lẹ́yìn wọn ni àwọn obìnrin méjì wà tí wọ́n ń dá àgùntàn tiwọn dúró kí wọ́n má lọ síbi omi. Ó lọ bá wọn, ó béèrè ohun tí ó dé. Wọ́n ní àwọn kò lè fún ẹran lómi àfi tí àwọn darandaran bá kúrò, àti pé bàbá àwọn ti darúgbó.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn yẹn dáadáa. Nínú rẹ̀ ni èsì fún ẹgbẹ́ méjì tí ó ń bá ara wọn jà láàárín wa wà. Ẹni tí ó ní obìnrin Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jáde ṣiṣẹ́ láé, àwọn ọmọbìnrin ilé yìí jáde, iṣẹ́ tí ó nira ni wọ́n sì ń ṣe, torí bàbá wọn kò lè ṣe é mọ́. Ẹni tí ó sì ní ààlà kankan kò sí mọ́ láyé òde òní, wọ́n dúró lọ́tọ̀, wọn kò bá àwọn ọkùnrin fa igbá omi. Wọn kò tọrọ àforíjì pé àwọn wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n sọ, ó sì tó.

Ṣùgbọ́n àwọn darandaran ńkọ́? Àwọn ni àwọn oníwàásù kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa wọn. Bí àwọn obìnrin náà ṣe dáhùn fi hàn pé ìṣe wọn ni láti máa dúró báyìí, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Gbogbo ọkùnrin tí ó wà níbi omi náà ni ó ń rí wọn. Kò sí ọ̀kan tí ó ní ẹ jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí bu omi tiwọn kí oòrùn tó mú. Àlejò tí ebi ń pa, tí wọ́n ń wá láti pa, ni ó rí ohun tí àwọn ará ìlú ti rí tí kò jọ wọ́n lójú.

Àwọn darandaran kò tán nílẹ̀. Ẹ lọ wo ibùdókọ̀ nígbà tí dánfó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo bí ọkùnrin ṣe ń ti aboyún sẹ́yìn. Ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà: ẹ wo ibi wàásù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀yìn ògiri tí ohùn kò dé ni a ń fi àwọn arábìnrin sí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìbéèrè, ti àwọn arákùnrin ni a ó kọ́kọ́ gbà, nígbà tí ìwé ìbéèrè ti àwọn obìnrin bá fi dé, alága á ní àkókò ti lọ. Àwọn obìnrin Mẹ̀dínà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún Ànábì (S.A.W.), pé àwọn ọkùnrin ti borí àwọn lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn. Kò bínú, kò ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ọkọ wọn. Ó dá ọjọ́ fún wọn, ó sì lọ kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó bá ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ obìnrin tí kò sì ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ìdí tí kò fi ní in.

Mùsá fún ẹran wọn lómi. Lẹ́yìn náà, ó padà sábẹ́ òjìji. Kò béèrè orúkọ wọn, kò béèrè ibi tí wọ́n ń gbé. Bí ó bá jẹ́ lóde òní, à bá sọ pé kò gba nọ́ńbà fóònù. Ó yíjú sí Olúwa rẹ̀, ó ní oore èyíkéyìí tí Ó bá sọ̀ kalẹ̀ fún òun, òun nílò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fi padà wá.

Bí ó ṣe ń rìn ni Àlùkùránì fi júwe rẹ̀: ó ń rìn pẹ̀lú ìtìjú. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an láìfi ọ̀rọ̀ kankan dọ́gbọ́n: bàbá òun ń pè é, ó fẹ́ san ẹ̀san omi tí ó bù fún àwọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà dá a láre pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo hìjáábù ní ilé-ìwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí ó jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ilé-ẹjọ́ lè fàyè gbà, kò lè rin ìrìn ẹnikẹ́ni fún un. Ẹ̀yin arákùnrin, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe wàásù fún àwọn arábìnrin, ẹ rántí pé nínú ìtàn náà, Mùsá ni ó kọ́kọ́ tijú: ó ṣe oore, ó sì kúrò níbẹ̀.

ALÁGBÁRA TÍ Ó ṢEÉ FỌKÀN TÁN

Nígbà tí Mùsá dé ilé bàbá náà tí ó rọ́ ìtàn rẹ̀, bàbá fi í lọ́kàn balẹ̀. (Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ànábì Shuaib ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n Àlùkùránì kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì yapa lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò dúró lórí orúkọ.) Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ni ó wá mú ìmọ̀ràn wá: kí bàbá gba ọkùnrin yìí síṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni ẹni tí ó ní agbára, tí ó sì ṣeé fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin tí ń da àgùntàn sọ fún bàbá rẹ̀ nínú ilé nìyí, Ọlọ́hun sì fi í sínú Tírà Rẹ̀ kí á máa kà á lórí ìrun. Bàbá kò ní kí ó dákẹ́. Kò ní ọ̀rọ̀ àgbà ọkùnrin ni. Ó gbà á.

Ẹ wo bí ohun méjì tí ó kà ṣe wọnú ara wọn. Tẹ́lọ̀ kan wà tí ó mọ aṣọ rán débi pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ku ọ̀la, aṣọ yín ṣì wà nínú ọ̀rá, ó sì ti gé lára rẹ̀ fún oníbàárà mìíràn. Ó ní agbára, kò ṣeé fọkàn tán. Mẹkáníìkì kan wà tí kò ní mú kọ́bọ̀ yín, ṣùgbọ́n bí ó bá tú ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ ọ́n dì. Ó ṣeé fọkàn tán, kò ní agbára. Àwa Mùsùlùmí máa ń ṣe àṣìṣe ti apá kejì yìí gan-an, a máa ń fi ìrùngbọ̀n àti tẹ̀sùbáà gba ẹni síṣẹ́, kí á tó rí i pé iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń gba ẹ̀gúnjẹ kí wọ́n tó fún ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ìjọba kò tilẹ̀ wá ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Báwo ni ọmọbìnrin náà ṣe mọ̀? Ó rí i ṣiṣẹ́ ni. Ó rí agbára rẹ̀ lẹ́bàá omi, ó sì rí ìwà rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, tí ẹ sì ti há ìdáhùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sórí, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bí ó ṣe rí: Mùsá kò mọ̀ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni òun ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ̀ ọ́ pé kí ó fẹ́, bí ó bá lè ṣiṣẹ́ fún òun fún ọdún mẹ́jọ. Bí ó bá ṣe mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ó ní òun kò fẹ́ ni ín lára. Ọ̀rọ̀ bóyá iṣẹ́ lè di owó yìgì gùn nínú fíkìhì, a kò ní wọ inú rẹ̀ níbí. Ohun tí ó ṣe kedere ni pé bàbá náà mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò ní owó lọ́wọ́, ó sì ṣe é kí ó ṣeé ṣe. Kò fún un ní ìwé nǹkan ìdána. Kò béèrè aṣọ ẹbí, kò béèrè gbọ̀ngàn, kò béèrè eléré. Àwọn òbí tí ń dá ọmọ wọn dúró sílé títí ọkọ yóò fi rí owó pátì yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka áyà 27 fún wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, torí òbí ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin má tíì pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́jọ ni! Ọmọ ààfin ni Mùsá, orí ẹní ọba ni ó ti dàgbà, ó sì gbà láti máa da ẹran nínú oòrùn. Wọ́n bi Ibn Abbas léèrè èwo ni Mùsá ṣe nínú méjèèjì. Ó ní èyí tí ó pọ̀ jù, tí ó sì dára jù ni. Bukhari ni ó gba èyí náà wá. Ọdún mẹ́wàá, nígbà tí kò sí ẹni tí ìbá dá a lẹ́bi bí ó bá ṣe mẹ́jọ. Ẹni tí kò lè dúró lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ fún oṣù mẹ́fà nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó gbálẹ̀, tí ó sì ń kígbe pé àwọn òbí kò jẹ́ kí òun gbéyàwó, òun náà ní áyà tirẹ̀ láti kà.

Nígbà tí ọdún pé, Mùsá kó àwọn ará ilé rẹ̀ jáde ní Mádíyánì. Lójú ọ̀nà, ó rí iná kan lápá òkè. Ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ dúró, pé bóyá òun yóò rí ìròyìn gbọ́ níbẹ̀, tàbí kí òun bu ẹ̀ṣẹ́ iná wá kí wọ́n lè yá a. Iná tí ìyàwó rẹ̀ yóò yá ni ó ń lọ bù nígbà tí Ọlọ́hun pe orúkọ rẹ̀.

Kí ìjókòó ìmọ̀ yín tó kàn, ẹ ka Suratul-Qasas láti ìbẹ̀rẹ̀ dé áyà 28, pẹ̀lú Suratu Taha áyà 37 sí 40. Kí arábìnrin kan ṣáájú ìjíròrò lórí áyà 23, kí arákùnrin kan ṣáájú lórí áyà 27. Bí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí wa sí, ọ̀dọ̀ Ayaba Saba àti lẹ́tà tí Ànábì Sulaiman (A.S.) kọ sí i ni a ó lọ ní oṣù tí ń bọ̀, nínú Suratun-Naml.